Ewé Méjì Lórí Itan Ìyá Adúródọkọ

Ọkùnrin kan ń na ògiri ilé Ìyá.

Ohun tí Kuyili rí nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe ru agbọ̀n òdòdó tó sì yí igun ẹ̀yìn tẹ́ńpìlì Ìyá, òrìṣà ìlú wọn. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ṣóńṣó ilé gogoro ẹnu ọ̀nà ni, ilẹ̀ òkúta ṣì tutù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Ọkùnrin náà ká aṣọ tó ró mọ́dìí dé orúnkún. Bébà funfun kan tó fẹ̀ bí ẹní lẹ̀ mọ́ ògiri níwájú rẹ̀, omi ń kán tótó lára bébà náà, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ńlá kan lù ú, pà, pà, pà, bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí.

"Ẹ̀yin yìí!" ni Kuyili kígbe. "Kí ni òkúta ṣe fún yín?"

Ó yíjú padà. Tàdáwà dúdú wà ní ṣóńṣó imú rẹ̀. "Kò ṣe nǹkan kan fún mi. Ó kàn kọ̀, kò bá mi sọ̀rọ̀ ni. Mo ń bẹ̀ ẹ́."

"Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń bẹ ẹni níbi tí ẹ ti wá?"

"Òkúta nìkan ni. Ti ènìyàn, ẹnu la fi ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún àwòrò."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Kuyili kó tó mọ̀. Ìgbà náà ló rántí ibi tó dúró sí, ẹ̀rín náà sì kú. Ẹnikẹ́ni kì í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yàrá Ìyá. Níbẹ̀ gan-an, láàárín àwọn igi malli tí òdòdó funfun wọn ń ta sánsán, ni ejò ti bu ìyá rẹ̀ ṣán nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ilamaran ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìlú tó wà ní òdìkejì odò ló ti wá. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe: kó fi bébà àti tàdáwà ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri, kí òjò tó pa wọ́n rẹ́ tán. Bí bébà bá gbẹ díẹ̀, á ki aṣọ tó dì ní kókó bọ tàdáwà, á máa fi tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Gbogbo bébà á dúdú, lẹ́tà tó jin sínú òkúta á sì yọ ní funfun.

Lọ́jọ́ kejì, Kuyili tún gba ẹ̀yìn kọjá. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn ju ti iwájú lọ, àmọ́ ta ni yóò bi í? Lọ́jọ́ kẹrin, ó bu tíì dání.

"Ẹ ka eléyìí fún mi," ló wí.

Ilamaran fi ìka tọ lẹ́tà náà. "Ó ní, 'Èmi, aya jagunjagun, fi àádọ́rùn-ún àgùntàn sílẹ̀, kí wọ́n máa fi òrí wàrà wọn tan àtùpà kan níwájú Ìyá, nítorí ọkọ mi ti ogun bọ̀.' Ó tó ẹgbẹ̀rin ọdún tí obìnrin náà ti sọ ọ́."

"Ó bọ̀? Ní ilé Ìyá yìí?"

"Kí ló dé? Ṣé ẹnikẹ́ni kì í bọ̀ níbí ni?"

Kuyili wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ò mọ ìtàn rẹ̀ ni. Ọmọ ènìyàn ni Ìyá tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fi í fún ọkọ, bàbá rẹ̀ ní dandan, ọkọ gbọ́dọ̀ sọdá odò kí oòrùn tó kan orí ilé. Odò kún lóru. Ọkọ̀ kankan ò ṣeé wọ̀. Ọkọ náà bọ́ sómi, ó ń wẹ̀ bọ̀. Òdòdó ọrùn rẹ̀ ni odò gbé wá, wọn ò rí òun. Ìyá jókòó síbi tó wà, pẹ̀lú gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ ìyàwó lára rẹ̀, ó kọjú sódò. Bí wọ́n ṣe ní kó dìde ni ara rẹ̀ ń di òkúta. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Adúródọkọ. Ọmọbìnrin kankan ò gbọdọ̀ kúrò nílùú yìí lọ sílé ọkọ láì kọ́kọ́ bi í. Bí ó bá kọ̀ tí èèyàn sì lọ, á rán àwọn ọmọ rẹ̀."

"Àwọn ọmọ wo?"

Kuyili kàn wo ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ògiri.

"Ìhà wo ni ọkọ ọ̀hún ti ń bọ̀?"

"Ìhà tiyín."

Ilamaran rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, mo mọ̀ ọ́n wẹ̀."

"Òun náà mọ̀ ọ́n."

Láti ọjọ́ yẹn, ní gbogbo ọjọ́ Ajé tí Ilamaran bá ń ti ilé bọ̀, Kuyili a máa dúró sétí odò bí ẹni ń fọ agbọ̀n. Ọkọ̀ róbótó tí wọ́n fi awọ bò á máa yí lórí omi, á máa yí, ọkàn Kuyili á máa bá a yí. Bí ẹsẹ̀ Ilamaran bá kan iyanrìn, á gbé agbọ̀n rẹ̀, á yára lọ kó má baà rí òun. Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé sí i lára. Ó wọlé bí ẹ̀rù. Kó tó mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ó ti jókòó tán.

Oṣù méjì kọjá. Ìkùukùu òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó ká. Lọ́jọ́ kan, Ilamaran ń ká bébà rẹ̀ jọ, ó ní, "Kuyili, mo ti pe orúkọ rẹ títí ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Ìwọ ò tíì pe tèmi lẹ́ẹ̀kan. 'Ẹ̀yin yìí', 'ẹ gbọ́ ná'. Ṣé ó korò ni?"

"Obìnrin kì í pe orúkọ ọkọ. Ó máa ń gé ẹ̀mí ọkọ kúrú."

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ. Ojú rẹ̀ gbóná.

"Ọkọ?" ni Ilamaran wí jẹ́jẹ́. "Mo gbọ́ o. Ògiri náà gbọ́."

"Mi ò sọ nǹkan kan!"

"Bébà ṣì tutù, á ti wọ̀ ọ́ lára. Mà á kà á fún ọ lọ́la."

Kuyili sá lọ. Ó gbàgbé agbọ̀n rẹ̀.

Kí oṣù náà tó parí, ìyá Ilamaran sọdá odò pẹ̀lú àwo ìtọrọ ìyàwó: àgbọn, ewé bẹ́tẹ́lì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, aṣọ sílíìkì kan tó ti fi pamọ́ tipẹ́. Vairavan, bàbá Kuyili, gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ogójì ọdún ló ti ń so òdòdó fún Ìyá, bíi bàbá rẹ̀, bíi bàbá bàbá rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ẹ̀rín ti wọ́n lójú rẹ̀.

"Ọmọ yín dára," ló wí. "Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ tó ti dé. Àmọ́ ọmọ mi ò ní kúrò nílé yìí láì bi Ìyá."

"Kò burú, ẹ̀gbọ́n," ni ìyá Ilamaran dáhùn. "Àwa náà mọ ẹni tó yẹ ká bẹ̀rù."

Bí wọ́n ṣe ń bi í nìyí. Ilé olódòdó ni wọ́n ti ń di ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì. Malli funfun nínú ọ̀kan, òdòdó arali pupa nínú èkejì, ewé kan náà, okùn kan náà. Wọ́n á gbé méjèèjì sórí itan Ìyá. Àwòrò á di ojú, á mú ọ̀kan fún bàbá ọmọ kó tú u. Funfun, ó gbà. Pupa, ó kọ̀. Èyí tó kù, odò ni wọ́n ń jù ú sí láì tú u. Ọmọ tí wọ́n ń béèrè nítorí rẹ̀ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ewé náà.

Kuyili ò sùn dáadáa mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá ti wọ àgbàlá tẹ́ńpìlì ló ń rí Sembaruthi, tí wọ́n jọ ń ṣeré lọ́mọdé. Pupa ni ti Sembaruthi. Ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Kò pé ọdún tó fi di opó tó sì padà wá, láìsí òdòdó nírun, láìsí ẹ̀gbà lọ́wọ́, ó sì ń gbálẹ̀ tẹ́ńpìlì títí dòní. Kì í gbójú sókè wo yàrá Ìyá.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìbéèrè, Vairavan di ewé méjèèjì, ó kó wọn sínú agbọ̀n, ó lọ wẹ̀ lódò. Kuyili dá wà nílé. Ó wo agbọ̀n náà. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó padà. Ó tú ewé àkọ́kọ́: funfun. Ó tún un dì. Ó tú èkejì, ó da arali pupa sínú ààrò, ó bu malli lé e, ó dì í bí bàbá rẹ̀ ti ń dì í, nítorí bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Òórùn iná tó ń jó òdòdó tútù gba ilé kan. Ó fi abẹ̀bẹ̀ lé e jáde.

Nígbà tí Vairavan dé, ó gbé agbọ̀n náà, ó dúró díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó gbé e lọ.

Funfun ni.

Ìyá Ilamaran bú sẹ́kún ayọ̀. Ilamaran wo Kuyili láti ẹ̀yìn òpó, ojú rẹ̀ ń tàn. Kuyili gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín padà, ó sì rí i pé ojú Ìyá, ojú fàdákà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òkúta dúdú náà, ń wo òun.

Wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó sí oṣù Tai, lẹ́yìn ìkórè. Gbogbo ènìyàn ń yọ̀. Kuyili ń rù. Bí ẹja bá fò lódò, á ta gìrì. Bí okùn bá wà nílẹ̀, á fò ó. "Ìyàwó wa ò jẹun," ni àwọn obìnrin ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, "ó ń fi ìfẹ́ yó!" Kuyili á fi aṣọ bo ẹnu bí ẹni ń tijú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, Ilamaran ń ṣiṣẹ́ lórí ìlà tó kù nísàlẹ̀ ògiri. Ó kúnlẹ̀, ó ń lu bébà. Kuyili gbé omi bọ̀ fún un. Ó rí i tí nǹkan kan yọ nínú ihò náà, dúdú, ó ń dán. Sèbé. Ó gùn bí apá ọkùnrin méjì. Ó fẹ ọrùn, ó dúró, orí rẹ̀ kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ sí orúnkún Ilamaran.

Ilamaran rí ojú Kuyili, ó tẹ̀lé ibi tí ojú náà ń wò, búrọ́ọ̀ṣì sì dúró lókè. Ejò náà wò ó. Lẹ́yìn náà ó sọ ọrùn rẹ̀ kalẹ̀, ó wọ́ kọjá lórí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú, ó wọ àárín àwọn igi malli.

Ìkòkò omi ti fọ́ kó tó di pé Kuyili mọ̀ pé òun ti jù ú sílẹ̀. Ó di apá Ilamaran mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Èmi ni," ló ń wí. "Èmi ni mo rán an sí yín. Èmi ni."

"Kuyili, ejò ni. Ihò rẹ̀ ni mo ń lù láti àárọ̀, èmi náà ìbá jáde."

"Funfun ni méjèèjì!" Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ewé, ààrò, abẹ̀bẹ̀. Ilamaran gbọ́ tán. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó jókòó sórí àpótí bébà rẹ̀.

"A jẹ́ pé Ìyá ò tíì dá wa lóhùn rárá," ló wí.

"Kò tíì dá wa lóhùn."

"Ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ò ní rí mi kí n sùn láyé yín. Ojoojúmọ́ tí ẹ bá jáde ni mà á máa sin òkú yín nínú ọkàn mi."

Ilamaran dìde lórí àpótí náà. "Ẹ̀rù ohun tí Ìyá máa sọ ń bà mí. Ṣùgbọ́n ká lọ bá bàbá."

Vairavan ń so òdòdó nígbà tí wọ́n dé, okùn ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Kuyili dojúbolẹ̀, ó fi orí kan ẹsẹ̀ náà, ó jẹ́wọ́. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ kò dúró. Ó so kókó kan, ó so òmíràn.

"Mo mọ̀," ló wí.

"Appa?" ni Kuyili pe bàbá rẹ̀.

"Ogójì ọdún, Kuyili. Ṣé o rò pé ewé lè bo òórùn malli mọ́ imú mi? Arali kì í ta sánsán. Mo gbé agbọ̀n yẹn, ewé méjèèjì ló ń ta sánsán. Mo dúró lójú ọ̀nà. Mo ní kí n pè ọ́. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá pè ọ́, a ó tún un dì."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá àwòrò. Arúgbó náà fetí sílẹ̀, ó ń fọwọ́ ra àyà rẹ̀ tí egungun ti yọ. "Ọ̀pọ̀ ló ń purọ́ fún Ìyá," ló wí. "Àwọn tó ń padà wá sọ fún un ò pọ̀. Ẹ lọ wẹ̀. Lọ́la, a ó tún bi í."

Lọ́jọ́ kejì, Vairavan di ewé náà lójú Ilamaran àti ìyá rẹ̀. Kuyili dúró lọ́nà jíjìn, ó di ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n bá wí. Iná àtùpà ń gbọ̀n nínú yàrá dúdú náà. Àwòrò di ojú, ó na ọwọ́, ó mú ọ̀kan. Vairavan tú okùn náà. Ewé là.

Pupa ni.

Ìyá Ilamaran fi aṣọ bo ojú. Ara Kuyili balẹ̀ lọ́nà tó burú, bíi ti ẹni tó ti ń retí ìlù igi, tí igi náà wá bà á. Ó kọjú sí Ilamaran.

"Ẹ máa lọ. Ẹ wọ ọkọ̀ kí omi tó kún. Kí n ṣá máa gbọ́ pé ẹ wà láàyè ní òdìkejì, ó tó mi."

"Mi ò lọ."

"Mo fi ìyá yín bẹ̀ yín!"

"Pupa ni tiwa náà," ni Vairavan wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ewé náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi àti ìyá rẹ. Bàbá rẹ̀ ti kú, wọ́n ní kí n tú u fúnra mi. Mo rí pupa. Mo di ọwọ́ mi, mo pariwo 'Funfun!', mo jù ú sódò. Ọdún mọ́kànlá la fi jọ gbé. Alaalẹ́ ni mò ń yẹ ẹní wò kó tó sùn. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo gbàgbé láti bá a lọ sídìí malli..." Kò parí rẹ̀. "Èmi ni mo pa á. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní ká béèrè fún ọ."

"Appa, ṣé Amma mọ̀?"

"Mo sọ fún un lálẹ́ ìgbéyàwó. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tẹ́ ẹní, ó ti rẹ òun."

Àwòrò fúnra rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́.

Kuyili sún mọ́ bàbá rẹ̀. "Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dá ọdún mọ́kànlá yẹn padà, kí Amma lè wà láàyè lónìí, nílé ẹlòmíràn ńkọ́?"

Omijé ń ṣàn nínú irùngbọ̀n Vairavan. "Mà á dá a padà. Kó ṣá wà láàyè, mà á dá a padà." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ṣùgbọ́n òun ò ní gbà. Mo mọ̀ ọ́n. Kò ní gbà láéláé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kuyili lára. Láti oṣù mélòó, òun ló ń ṣọ́ ẹ̀mí Ilamaran bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin. Òun ló dáàbò bò ó pẹ̀lú irọ́, òun náà ló fẹ́ lé e lọ pẹ̀lú òtítọ́. Kò bi í léèrè rí.

"Ẹ̀mí yín ni," ló sọ fún un. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ."

Ilamaran bọ́ síwájú títí dé ẹnu àlà tí ẹni tí kì í ṣe àwòrò kì í kọjá. Ó pa ọwọ́ pọ̀. "Ìyá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ̀rù ń bà mí. Ejò yẹn gun orí ẹsẹ̀ mi, mo ṣì ń gbọ́ títutù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ yìí ò sí ń bà mí lẹ́rù jù ú lọ. A ti gbọ́ tiyín. Ẹ bá wa gbọ́ tiwa."

Ó dojúbolẹ̀ gbọọrọ sórí òkúta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, Kuyili dojúbolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin àwòrò," ni ìyá Ilamaran wí láti inú aṣọ rẹ̀, "kí ni kí a ṣe?"

"Ìyá ti sọ tirẹ̀. Mi ò lè yí i. Àmọ́ mi ò gbọ́ ọ rí pé ẹni tí wọ́n bá dá lóhùn ò gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀." Arúgbó náà bu eérú mímọ́, ó fi kan iwájú orí àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n dojúbolẹ̀ sí. "Ẹ bọ̀wọ̀ fún ihò ejò. Ẹ fi wàrà sílẹ̀ fún un. Ẹ dìde."

Nínú oṣù Tai, wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní àgbàlá tẹ́ńpìlì. Vairavan ló so òdòdó ọrùn àwọn méjèèjì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a dá sí i. Nígbà tó gbé e jáde, àwọn obìnrin ilé figbe ta. Láàárín malli funfun, ní gbogbo ìbú ìka mẹ́ta, arali pupa kan wà níbẹ̀.

"Vairavan! Ṣé orí ẹ pé? Òdòdó ìyàwó rèé?"

"Ohun tí Ìyá fún wọn ni," ló dáhùn. "Mo fi tèmi pamọ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó jẹ mí lọ́wọ́. Wọ́n á fi tiwọn sọ́rùn, kí gbogbo ayé rí i."

Fèrè àti ìlù bú jáde. Ilamaran mú okùn tálì, ìyẹn okùn ìgbéyàwó, tí wọ́n ti fi atalẹ̀ pupa pa láró, ó yí i mọ́ ọrùn Kuyili. Kò tètè so ó.

"Ọwọ́ yín ń gbọ̀n," ni Kuyili sọ sínú etí rẹ̀.

"Ọrùn tìrẹ náà ń gbọ̀n."

"Ẹ so ó bẹ́ẹ̀."

Ó sì so ó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n, kókó náà sì mú.